Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń darí ilé ìtọ́jú àgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fúnni lóògùn lè sọ òótọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ jẹ́ máníjà, ẹ̀yin tí ẹ fi owó àti òógùn ojú yín dá ilé ìtọ́jú àgbà sílẹ̀ ní London, ní Kent, ní Birmingham, ní Manchester àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìtọ́jú àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Àwọn kan jẹ́ ti òyìnbó, àwọn kan jẹ́ tiwa-n-tiwa. N kò kọ lẹ́tà yìí láti tú àṣírí ẹnikẹ́ni, n kò sì ní dárúkọ ilé kankan tí mo ti ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òṣìṣẹ́ wa, pàápàá àwọn tí físà wọn wà lọ́wọ́ yín, ti di ewu fún àwọn àgbà tí a ń fún lóògùn. Òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rù yín ń bà kò ní sọ fún yín pé òun ti gbé oògùn Peggy fún Betty. Yóò fọwọ́ sí ìwé, yóò dákẹ́, yóò sì máa gbàdúrà kí ilẹ̀ mọ́ láyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwé ìròyìn ti gbé e kiri. Ilé ìtọ́jú kan wà ní Copthorne, ní West Sussex, tó ń jẹ́ Orchid View. Southern Cross, iléeṣẹ́ tó tóbi jù lọ nídìí iṣẹ́ yìí nígbà náà, ló ni ín. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣí i, ilé tuntun tó rẹwà. Ní 2010, CQC, àjọ tí ìjọba yàn láti máa bẹ ilé ìtọ́jú wò, ní ó dára. Kí ọdún 2011 tó parí, wọ́n ti tì í pa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, kòrónà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ohun tó fa ikú, parí ìwádìí lórí ikú àgbàlagbà 19 tó gbé ibẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìtọ́jú rẹ̀ péye, àti pé àìbìkítà lọ́wọ́ nínú ikú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ oògùn wà lára ohun tó burú jù níbẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ òru kan ṣoṣo, àṣìṣe oògùn 28 ni wọ́n rí. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ilé náà jẹ́rìí pé wọ́n ní kí òun fi ẹ̀rọ gé ìwé oògùn màmá kan wẹ́wẹ́, màmá tí wọ́n ti fún ní warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kọjá bó ṣe yẹ. Obìnrin yìí ló lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Nígbàkigbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ Orchid View, kì í ṣe àṣìṣe 28 yẹn ni mo kọ́kọ́ ń rò. Ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n gé ni. Àṣìṣe lè ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá. Ṣùgbọ́n ilé tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń gé ìwé, ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti kọ́ láti dákẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé burúkú kan ṣoṣo ni. Ní ọdún 2009 kan náà, àwọn olùṣèwádìí gbé èsì iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí oògùn nílé ìtọ́jú. Ilé 55 ni wọ́n wọ̀, ní West Yorkshire, ní Cambridgeshire àti ní àárín London, àgbàlagbà 256 ni wọ́n sì yẹ oògùn wọn wò. Bí a bá pín in dọ́gba, oríṣi oògùn mẹ́jọ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ló ní àṣìṣe kan, ó kéré tán, nínú oògùn rẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ nìyí: kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń ti tirólì oògùn nìkan ni àṣìṣe náà ti wá. Dókítà kọ oògùn sódì. Fámásì dì í sódì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa tọ oògùn kan lẹ́yìn kò wáyé. Ẹni tó gbé e fún aláìsàn náà sì ṣì í ṣe.

Àṣìṣe dókítà àti ti fámásì, ọwọ́ ta ni wọ́n ń gbà dé ẹnu àgbà? Ọwọ́ kẹ́rà, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àgbà lójoojúmọ́, ni. Òun ló kẹ́yìn gbogbo wa. Òun ló máa rí i pé hóró oògùn tó wà nínú páálí lónìí kì í ṣe àwọ̀ tí ó wà níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Òun ló máa ṣàkíyèsí pé oògùn tí ọsibítù ní kí wọ́n dá dúró tún ti padà wá láti fámásì. Bí ẹ bá ti kọ́ ọ láti má ṣe bi ìbéèrè, ẹ ti yọ olùṣọ́ tó kẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àṣìṣe gbogbo àwọn tó kàwé jù ú lọ yóò sì kọjá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì dé kò mọ̀ pé Margaret ni wọ́n ń pè ní Peggy. Kò mọ̀ pé Elizabeth lè jẹ́ Betty, ó lè jẹ́ Libby, àti pé John ni Jack. Ta ni ìbá sọ fún un? Orúkọ tó wà lórí MAR, ìwé tí a ń fọwọ́ sí bí a bá ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóògùn, lọ́tọ̀, orúkọ tí gbogbo ilé ń pe màmá náà lọ́tọ̀. Bí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ tó pe Betty, ẹni tí àrùn ìgbàgbé ti mú lè dáhùn pé èmi nìyí, kó má sì jẹ́ òun rárá. Àwòrán tó wà lára MAR ló yẹ kó gba olúwarẹ̀ là. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí màmá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó ṣì lẹ́ran lára, tó ṣì ń fi gíláàsì sójú. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, àjèjì kò lè fi àwòrán yẹn dá a mọ̀. Àwọn ará ilẹ̀ yìí kò ní rí ìṣòro kankan níbẹ̀, nítorí wọ́n ti mọ Peggy láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ wa nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, ojú sì ń tì í láti béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ìtìjú yẹn kò tíì tó ẹ̀rù físà. Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni ìjọba Ìlú Ọba dá físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú sílẹ̀, oṣù Kejì ọdún 2022 ni wọ́n sì fi àwọn kẹ́rà kún un. Ẹ mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe dé. Ẹlòmíràn ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn ta mọ́tò, ó tún yá owó kọ̀ọ́pù lé e. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, kẹ́rà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pátápátá fún kẹ́rà tó fẹ́ ti òkè òkun wá. Ẹni tó ti wà níbí ńkọ́? Bí ẹni tó gbà á síṣẹ́ bá yọwọ́ nínú sípọ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ìdúró tó ṣe fún físà rẹ̀, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, lè gé físà rẹ̀ kù sí ọjọ́ 60. Kó wá ilé mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì láàárín ọjọ́ náà, tàbí kó di ẹrù rẹ̀.

Ẹ fi ara yín sípò ẹni yẹn ní aago mẹ́ta òru. Ọmọ méjì ń lọ sí ilé ìwé ní Croydon. Gbèsè wà nílé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo inú àpótí oògùn, ó rí i pé òun ti fún bàbá kan ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, tàbí 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, wọ́n á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ìwé á wà, máníjà á gbọ́. Bí ó bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tó máa ṣe bàbá náà. Èwo ni yóò yàn? Ìdáhùn wà lọ́wọ́ yín, nítorí láti ọjọ́ tí ó ti dé ni ó ti ń wo ojú yín láti mọ irú ènìyàn tí ẹ jẹ́.

Ilé kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́, tí máníjà ibẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, dìde nínú ìpàdé tó sì sọ pé ẹni tó bá tún kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ lórí oògùn, òun fúnra òun ni yóò kọ̀wé sí Home Office nípa rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ lórí oògùn dáwọ́ dúró nílé náà. Àṣìṣe kò dín o, ìwé ló dín. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n gbé màmá kan lọ sí ọsibítù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà láti inú, kò sì sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ iye oògùn tó ti wọ ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, nítorí MAR kún fọ́fọ́ láìsí àlàfo kan, gbogbo ilé sì mọ̀ pé àwọn ìfọwọ́sí kan níbẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Dókítà ọsibítù ń béèrè, a ń wo ara wa lójú. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àwa Yorùbá tún wá fi tiwa kún un. Mummy ni wọ́n ń pè yín, Daddy ni wọ́n ń pè yín. Ẹ̀yin ni ẹ lọ gbà wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀yin ni ẹ fún wọn ní yàrá àkọ́kọ́ tí wọ́n sùn. Oore ńlá nìyẹn, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe ènìyàn ní Mummy, tó sì jẹ ẹ́ ní gbèsè oore tó tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣàdédé sọ fún un pé: Mummy, oògùn tí dókítà ní ká dá dúró ṣì wà nínú tirólì. Kò sì ní sọ pé nọ́ọ̀sì tó dàgbà jù ú lọ gbàgbé láti ka oògùn olóró pẹ̀lú ẹnì kejì. N kò sọ pé kí a fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀. Kí ó kúnlẹ̀ kí yín, kí ó sì wí ohun tó rí. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè sọ fún un pé àwọn méjèèjì kò tako ara wọn, àfi kí ẹ sì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó gbà yín gbọ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nínú ọ̀rọ̀ oògùn, àkókò tí a bá tètè sọ̀rọ̀ ló ń gba ẹ̀mí là. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ láti inú tirólì tí gbogbo wa mọ̀.

Oògùn àlẹ̀mọ́ra fentanyl, tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tàbí apá fún ìrora líle. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni a sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó lẹ tuntun kò bá yọ ti tẹ́lẹ̀, méjì ló ń wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìgò omi gbígbóná bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ooru á mú kí oògùn náà yára wọlé sí i. Màmá á sùn, oorun á wúwo, èémí á máa fà díẹ̀díẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ òru bá rí àlẹ̀mọ́ra méjì tó pariwo lójú ẹsẹ̀, a ó yọ wọ́n, a ó pe 999, oògùn tó ń já agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá rọra yọ ọ̀kan tó jù ú sínú bíìnì kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀, kò sí ẹni tó máa mọ ìdí tí màmá kò fi jí dáadáa láàárọ̀.

Ínsúlínì ńkọ́? Bí ó bá pọ̀ jù, ṣúgà ara á wálẹ̀. Ohun dídùn lẹ́nu, àyẹ̀wò ìka lemọ́lemọ́ àti ìpè sí dókítà lè gbà á sílẹ̀ bí a bá tètè mọ̀. Warfarin bákan náà: iye tí aláìsàn ń lò máa ń yí padà bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ṣe wí, nítorí náà ẹni tó bá fi ti oṣù tó kọjá fúnni lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú orí lẹ́yìn ìṣubú kékeré. Ọsibítù ní ohun tí wọ́n lè fi dá a dúró. Wọn kò lè lo ohun tí wọn kò mọ̀. Methotrexate, tí ọ̀pọ̀ ń lò fún oríkèé ríro, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Bí kẹ́rà tuntun bá fún ènìyàn lójoojúmọ́, ó lè pa á. Ta ni yóò sì tètè rí i bí kì í bá ṣe ẹni tó fún un lánàá, tó tún rí i lórí MAR lónìí?

Oògùn àrùn Parkinson ni mo fẹ́ kí ẹ rò jù, nítorí àṣìṣe rẹ̀ kì í dà bí àṣìṣe lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó fún bàbá ní oògùn ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó sọ oògùn nù. A kàn pẹ́ ni. Tirólì bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì ilé, fóònù dún, ẹbí kan wá, ẹnì kan ṣubú, oògùn aago mẹ́jọ sì dé ọ̀dọ̀ bàbá ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. NICE, àjọ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ìtọ́jú, ní levodopa, oògùn Parkinson yìí, kò gbọ́dọ̀ fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ yẹ̀ kúrò ní àkókò tí wọ́n kọ fún aláìsàn. Láàárín wákàtí kan ààbọ̀ náà, bàbá ti le gbagidi lórí àga, kò lè gbé ṣíbí, kò lè gbé omi mì. Tí òṣìṣẹ́ bá wá kọ aago mẹ́jọ sórí MAR nítorí pé ẹ kò fẹ́ rí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ẹ̀yin náà ti pàdánù. Ìwé yín kò ní lè sọ fún yín láéláé pé ẹnì kan ṣoṣo kò tó láti fún gbogbo ilé lóògùn láàárọ̀. Ẹ ó máa rò pé òṣìṣẹ́ tó.

Àwọn òṣìṣẹ́ òru tún ń gbé alendronic acid, oògùn egungun, fún àwọn àgbà ní ìdájí kí wọ́n tó parí iṣẹ́. Ó yẹ kí àgbà náà mu ún pẹ̀lú ife omi kún, láìtíì jẹun, kí ó sì wà ní ìjókòó tàbí ìdúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, nítorí ó lè bó ọ̀nà ọ̀fun. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ń fi í sí ẹnu ẹni tó ṣì sùn nílẹ̀, nítorí àwọn méjì ni wọ́n wà lórí iṣẹ́, àwọn agogo ìpè sì ń dún ní ọwọ́ ọ̀tún àti òsì.

Ọ̀rọ̀ lílọ oògùn kúnná náà wà níbẹ̀. Àgbà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ oògùn. Bí ó bá kọ̀ ọ́, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀ ọ́, a ó sì sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n bí máníjà bá ń bi òṣìṣẹ́ léèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ìgbà iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń kọ oògùn, kí lẹ rò pé yóò ṣe? Yóò lọ ọ́ kúnná sínú kọ́sítáàdì. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ṣe láti máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara fún odindi ọjọ́ kan. Bí a bá lọ̀ wọ́n, gbogbo agbára ọjọ́ náà á wọlé lẹ́ẹ̀kan. Lábẹ́ òfin ọdún 2005 lórí ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe mọ́, kò sí kẹ́rà tó láṣẹ láti dá fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ. Dókítà, fámásì, ẹbí àti àwọn olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ti jókòó lórí rẹ̀, kí ó sì wà nínú ìwé. Ìjókòó yẹn kò lè wáyé bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì jẹ́wọ́ pé màmá ń kọ oògùn.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba oògùn tó ń mú ènìyàn rọ̀ wọ̀ọ̀. Ìròyìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sube Banerjee kọ fún ìjọba ní 2009 sọ pé nǹkan bí 180,000 ènìyàn tó ní àrùn ìgbàgbé ni wọ́n ń fún ní antipsychotic lọ́dọọdún ní Ìlú Ọba, pé bóyá 36,000 ni yóò rí àǹfààní díẹ̀ nínú rẹ̀, àti pé ó ń fa ikú nǹkan bí 1,800 sí i lọ́dún. Ṣàṣà ni àgbà tó kàn ń pariwo lásán. Ìrora wà, ìgbẹ́ tó há wà, àrùn ojú ìtọ̀ wà. Kẹ́rà tó ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ ti mọ̀ pé ó máa ń fa ẹsẹ̀ yẹn sẹ́yìn bí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹ bi í kí ẹ tó pe dókítà fún oògùn oorun.

Ẹbí náà ní tiwọn. Àwọn àgbà tiwa ti ń wọ ilé ìtọ́jú níbí díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ sì ń gbé àgbo wá nínú ike lábẹ́ aṣọ. Ẹ má lé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un wá ní gbangba, kí fámásì mọ̀ ọ́n, nítorí ohun tí a fi pamọ́ ni kò ní sí nínú ìwé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà.

Ẹ lè sọ pé CQC ń bẹ, wọn á rí i bí nǹkan bá ń bàjẹ́. Òótọ́ ni pé òfin wà: Ìlànà 12 nínú ìlànà ọdún 2014 sọ pé ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ mójú tó oògùn láìséwu, ìtọ́sọ́nà NICE lórí oògùn nílé ìtọ́jú sì ti wà láti oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àṣìṣe oògùn ni òfin ní kí ẹ fi tó CQC létí. Èyí tó bá la ikú lọ, tó ṣeni léṣe, tó jọ ìlòkulò tàbí tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ń béèrè. Ìyókù wà láàárín ẹ̀yin àti fáìlì yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà, aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí Dókítà Penny Dash ṣàyẹ̀wò CQC fúnra rẹ̀ ní 2024, ó rí i pé iye àbẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní 2023 kò tó ìdajì èyí tí wọ́n ṣe ní 2019, àti pé nínú ibi márùn-ún tí wọ́n láṣẹ láti fún ní ìdíwọ̀n, ọ̀kan wà tí wọn kò fún rí. CQC wo Orchid View, wọ́n ní ó dára. Mo fẹ́ kí àjọ náà ṣe dáadáa ju bó ti ń ṣe lọ. Mo fẹ́ kí àwọn olùyẹ̀wò wọn máa wá lóru, kí wọ́n sì bá àwọn tó ń lo físà sọ̀rọ̀ níbi tí máníjà kò sí. Ṣùgbọ́n lóru òní, ẹ̀yin ni ẹ ń ṣọ́ tirólì náà, kì í ṣe wọn.

Mo mọ̀ pé owó tí káńsù ń san kò tó. Mo mọ̀ pé ẹni àjẹ́ńsì wọ́n, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn físà, rírí òṣìṣẹ́ tuntun ti di ìyọnu. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún jù kò náni lówó. Ẹ kọ lẹ́tà sí gbogbo òṣìṣẹ́ yín, kí ẹ fọwọ́ sí i, pé kò sẹ́ni tí yóò pàdánù sípọ́ńsọ̀ nítorí pé ó jẹ́wọ́ àṣìṣe oògùn tàbí pé ó sọ èyí tó rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Olè tó ń jí oògùn olóró yàtọ̀, ìkà tó ń fi oògùn kun àgbà lóorun kó lè rí àyè sùn yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà sọ ìyàtọ̀ yẹn kedere. Lẹ́yìn náà, ẹni àkọ́kọ́ tó bá wá jẹ́wọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn yòókù. Bí ẹ bá bínú sí ẹni yẹn, lẹ́tà náà ti di ìwé lásán, mi ò rò pé ẹ ó rí ẹlòmíràn.

Ẹ pààrọ̀ àwòrán inú MAR kí ọdún yìí tó parí, kí ẹ sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pe olúkúlùkù sí abẹ́ orúkọ tó wà lórí ìwé. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń fúnni lóògùn máa dáhùn agogo tàbí fóònù. Bí ènìyàn kò bá tó láti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ àkókò gan-an tó fún bàbá lóògùn, kí ẹ lè fi ìwé náà bá káńsù jà. Lọ́dọọdún ni NICE ní kí ẹ yẹ ìmọ̀ olúkúlùkù tó ń fúnni lóògùn wò. Ẹ má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ tẹ̀lé e lẹ́yìn tirólì láti yàrá àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí ẹ sì bi í ohun tó ń dẹ́rù bà á níbẹ̀.

Ohun kan kù tó máa ṣòro fún àwọn kan nínú yín. Òfin ọdún 1998 dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá tú ewu síta, CQC sì wà lára àwọn tí ó lè lọ sọ ọ́ fún. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ lẹ nọ́ńbà CQC, 03000 616161, sí ara ògiri yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ òru ti ń jẹun, kì í ṣe sínú fáìlì tó wà ní ọ́fíìsì tí ẹ ń tì pa ní aago márùn-ún. Kí ẹ fọwọ́ ara yín lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níṣojú wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé bí àwọn bá sọ fún yín tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, kí wọ́n pè é.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì kan láàárín yín